Ojú Tó Wà Lẹ́yìn Jígí Dúdú

Tọ́lá, sọ fóònù yẹn kalẹ̀ ná, fọ́tò tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ ò ní sá lọ. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, irú jígí dúdú tó wà lójú rẹ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kiri lójú títì. Ẹ gbọ́, gbogbo yín... wọ́n ní àwọn sójà tó ń wa bàálù ni òyìnbó kọ́kọ́ ṣe é fún, nítorí oòrùn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di ti gbajúmọ̀. Ojúlówó máa ń ní orúkọ wínníwínní ní igun jígí. A máa ń fi èékánná họ ọ́ wò, bóyá á ṣí!

Ní Sábó, ojúlówó kan ṣoṣo la mọ̀, ti onífótò ni. Òun ni gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ń gbé sójú ya fọ́tò. Ẹ wọ ilé mẹ́wàá lónìí, jígí kan náà lẹ máa bá lára ògiri.

Bàbá àgbà yín ń di obì sínú apẹ̀rẹ̀ ní Sábó nígbà náà. Ó fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìsarà, kí wọ́n tó wá tọrọ mi. Kò fẹ́ jígí rárá. "Àdùkẹ́, kí ló ṣe ojú tèmi?" Mo ní àfi kó lò ó. Ṣebí mo fẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ mi jowú?

Bàbá mi yí fọ́tò náà síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ta lẹni tó ń sá pamọ́ yìí? N ò lè fọmọ fẹ́ni tí n ò rójú ẹ̀." Mo sunkún! Ọjọ́ kejì ni bàbá àgbà yín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ní kó gbójú sókè. Wọ́n wò ó títí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ojú yìí ò lè purọ́." Bí mo ṣe délé ọkọ nìyẹn.

Ọkọ mi ò pẹ́ láyé. Bàbá yín ò tíì rìn nígbà tó lọ... Fọ́tò tó wà lára ògiri yẹn nìkan ló kù. Bàbá yín máa ń bi mí ní kékeré pé, "Màámi, báwo lojú wọn ṣe rí?" Èmi ni mo ní kó bò ó. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin ń ya ogún fọ́tò kẹ́ ẹ tó jẹun àárọ̀, jígí dúdú nínú gbogbo ẹ̀. Mi ò bínú, ó yẹ yín. Ṣùgbọ́n Tọ́lá, bó o ṣe ń dàgbà yìí, ojú bàbá àgbà yín ló ń yọ lójú rẹ, ẹyinjú rẹ̀ gan-an. Jọ̀ọ́, bọ́ jígí yẹn kó o tó yà á. Jẹ́ kí bàbá rẹ rí bàbá rẹ̀.