Ìka Mi Mọ̀ Pé Ọta Wà Níbẹ̀

Kí ẹ tó gbọ́ pé wọ́n ti bẹ́ mi lórí, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èmi fúnra mi. Ẹ̀wọ̀n Jídà ni mo wà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi, ṣùgbọ́n òfin ibí ní kí wọ́n dúró títí ọmọ ẹni tí mo pa yóò fi bàlágà, kí ó sọ bóyá òun dárí jì mí. Ó ti bàlágà. Ó wá síbí ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

Mo wá ṣe Háájì, mi ò sì padà sílé. Owó epo ti dé nígbà náà, ilé ni wọ́n ń kọ́ káàkiri, iṣẹ́ ò wọ́n. Àmọ́ mi ò ní íkámà, ìwé ìgbélùú. Bí mo bá rí ọlọ́pàá, mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn. Lárúbáwá àgbàlagbà kan, Baba Sálíhù, gbà mí pé kí n máa bomi rin ọgbà òun.

Bàbá yìí jogún àwọn ìbọn ìléwọ́ àtijọ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tú wọn, bí a ṣe ń nu inú ọ̀pá wọn, tí a sì ń fi òróró díẹ̀ pa sípíríǹgì wọn. Ó fẹ́ràn kékeré kan jù. Bí a bá ti yìn ín, agbára ọta náà á ti ìdérí rẹ̀ sẹ́yìn, èèpo ọta á fò jáde, òmíràn á sì wọlé fúnra rẹ̀. Bàbá fi àtàǹpàkò mi kan irin tíńtín kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Bí irin yìí bá yọ sóde, ọta wà nínú rẹ̀," ni ó wí. "Kódà bí o bá ti yọ àpò ọta. Ojú lè gbàgbé. Jẹ́ kí ìka rẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí mo bá ti di ìbọn yẹn mú, mi ò ní rántí mọ́ pé mi ò ní ìwé. Lọ́jọ́ kan tí bàbá rìnrìn àjò, mo gbé e lọ sí yàrá mi ní àdúgbò Núsílà ní Jídà, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Mo dá a padà láàárọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó yá, mo ń purọ́ kiri pé bàbá ti fi ta mí lọ́rẹ.

Làsísì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ti Ìwó wá, ń gbé ní Kakíyà ní Mẹ́kà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Sìkírá, àti Múnírà, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ọmọ náà kì í fi Yorùbá dáhùn rárá. "Ámmù" ló ń pè mí, ìyẹn àbúrò bàbá ní Lárúbáwá. Ní Jímọ̀ kan mo gbé ìbọn náà lọ bá wọn. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí a tó wọ ìlú, mo lọ yìn ín mọ́ agolo nínú aṣálẹ̀. Mo yọ àpò ọta sápò ẹ̀wù mi, mo wá fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, mo sì bá àwọn àlejò níbẹ̀.

Nígbà tí mo yọ ìbọn náà hàn wọ́n, ojú Làsísì kọ́rẹ́. "O gbé ìbọn wọ Mẹ́kà? Ilẹ̀ tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ pa ẹyẹ? Gbé e wá, èmi ni n óò dá a padà fún bàbá."

"Tèmi ni."

"Tìrẹ báwo? Ìwọ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá a nù ún?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun. Mo na ìbọn sí i.

"Yìn ín nígbà náà," ni Làsísì wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Àtàǹpàkò mi wà lẹ́yìn ìbọn náà. Irin yẹn yọ sóde. Mo yìn ín.

Ní kóòtù, mo ní mo ti yọ àpò ọta, mo rò pé ó ṣófo ni. Adájọ́ ò gbà, ṣùgbọ́n àwọn ará wa gbà, wọ́n ń bẹ Àlàájà. Ó ní ohun tí Múnírà bá sọ ni òun sọ.

Ọjọ́bọ̀ náà, Múnírà jókòó níwájú mi, ó ti ga tó ìyá rẹ̀. Ó bi mí ní Lárúbáwá pé, "Ámmù, ṣé o mọ̀ pé ọta wà níbẹ̀? Bí o kò bá mọ̀, mo dárí jì ọ́."

Àlàájì àgbà kan nínú àwọn ará wa tó wá bá mi bẹ̀bẹ̀ ń mi orí sí mi lẹ́yìn rẹ̀ pé kí n ní mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ikú bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n ojú Làsísì ni ọmọ náà fi ń wò mí.

"Mo mọ̀," ni mo wí.

Ó dìde. "Ẹ ṣeun," ni ó wí, ní Yorùbá. Wọ́n ní Jímọ̀ yìí ni wọn yóò bẹ́ mi lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bínú sí ọmọ náà. Wọn ì báà fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò ní kú. Ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ má jẹ́ kó sùn ní yàrá yín, ì báà ṣe òru ọjọ́ kan. Nǹkan kan á sọ fún yín kí ọwọ́ yín tó ṣe é. Ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ó sọ fún èmi náà.