Àgbàdo Tí Wọ́n Kọ̀ fún Ẹlẹ́dẹ̀

Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí ìyàwó kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà níwájú mi níbi ẹ̀rọ tó ń lọ ọ̀gì ní Ìkẹ́nnẹ́, lọ́dún kan tí òjò ò jẹ́ kí àgbàdo gbẹ dáadáa.

"Màmá, àgbàdo tí dókítà ẹran ní ká dà nù lẹ gbé wá yìí."

"Mo ti fọ̀ ọ́, mo sá a, mo tún rẹ ẹ́. Láti ayé àwọn bàbá wa, èyí tó dáa là ń tà, èyí tó bu là ń jẹ nílé. Kò pa ẹnì kankan."

"N ò ní ó pa èèyàn. Dókítà ní ohun pupa tó hù lára rẹ̀ ní májèlé tó ń sọ ara akọ di bí ti abo, tó sì ń ba àtọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ní fífọ̀ ò ràn án. Ṣebí òun ló fi jẹ́ pé akọ ẹlẹ́dẹ̀ wa gun abo títí, tí kò sí oyún?"

"Ọkọ rẹ kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀."

"Ká ní ẹlẹ́dẹ̀ ni, ì bá sàn fún mi. Nígbà tí abo ò lóyún, ohun tí akọ ń jẹ lẹ ní kí dókítà wò. Nígbà tí èmi ò lóyún, èmi lẹ mú lọ sọ́dọ̀ alágbo, èmi lẹ ní kí n máa gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló bi ọmọ yín ní ohun tó ń jẹ?"

Ìyá náà wo àwa tá a wà lórí ìlà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, ìta la wà."

"Ìta náà lẹ ti pè mí ní àgàn, Màmá."