Orúkọ Tí Wọ́n Pe Bàbá Mi ní Boma

Ẹ̀yin ará mi ní Torino, ẹ kú ìjókòó níwájú Olúwa. Ọpẹ́ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti permesso, ìwé ìgbélùú wa, Ọlọ́run ti ṣe ìyẹn tipẹ́. Ti bàbá mi ni.

Bàbá mi ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn bá àwọn Jàpáànù jà nínú igbó nígbà ogun Boma. Ṣùgbọ́n ilé wa jóná, yunifọ́ọ̀mù àti mẹ́dàlì wọn bá iná lọ. Ni ará àdúgbò bá sọ wọ́n di sójà ẹnu ní Ìsẹ́yìn títí wọ́n fi kú. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá mi wọra. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ mí: "Ọláyẹmí, kí n tó kú, bá mi wádìí ẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣe òpùrọ́."

Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà. Ọmọ wa kan tó ń kàwé ní Padova bá mi wá orúkọ bàbá mi, Ọládélé Adéoyè, kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún kọ̀wé sí London. Niente, òfo. Wọ́n ní àwọn ò ní sójà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún nínú tram lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì lè pe ìyá mi.

Oṣù tó kọjá, mo lọ síbi ìkómọ ní Sesto San Giovanni. Ìyá àgbà tó wá láti Òṣogbo wá wẹ ọmọ náà bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rẹ́ bàbá mi ní Boma, Ọládélé Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń pè é. Ní báráàkì, orúkọ ìlú ẹni ni sọ́nẹ́ẹ̀mù ẹni. Làmídì Òṣogbo ni bàbá tèmi."

Mo ní Ọládélé ni bàbá mi ń jẹ́. Wọ́n fi fọ́tò hàn mí nínú fóònù wọn: sójà méjì, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, gìrì mú bàbá mi ní kékeré nígbà tí olóólà ń kọlà fún wọn, kò parí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni mo rí.

Mo fi ránṣẹ́ sílé, mo pe video. Ìyá mi gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Wọ́n bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti rẹ́rìn-ín tó báyìí rí." Wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ ilé gbé fóònù náà yí àdúgbò ká, kí gbogbo ẹni tó pè wọ́n ní sójà ẹnu lè rí i.

Ọlọ́run mọ orúkọ tí wọ́n pe bàbá mi nínú igbó Boma, ó mọ tiyín náà. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Èmi ọmọ Ọládélé Ìsẹ́yìn ni mo ń dúpẹ́.