Mo Bẹ̀bẹ̀ Kí N Tó Béèrè

Ìyá Káfáyà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, òun tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Joliet, tí ọmọ tirẹ̀ náà ń lọ sí yunifásítì kan náà pẹ̀lú ọmọ mi. Ó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo South Shore, àdúgbò wa ní Chicago, débi pé n kò rí ilé tó kọjú sí tèmi. Ó ní, "Ìyá Sídí, ṣé o ti gbọ́? Wọ́n fẹ́ lé Sídí níléèwé. Wọ́n ní òun ló kọ èébú sí àwọn Júù sára aṣọ." Láti àárọ̀ yẹn ni mo ti dà bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Mò ń tajà, mò ń gbowó, mò ń fún ènìyàn ní ṣéńjì, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀. Sídí, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi, kò sùn nínú ilé mi mọ́. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, màá máa wo adágún omi ńlá tó wà nítòsí wa láti ojú fèrèsé, á wá máa ṣe mí bíi pé orí omi ni ilé wa wà, tí ó ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè mí padà. Ta ló fà á? Èmi ni! Ẹnu mi ni, orúnkún mi ni. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìwé tí mo kà kò kún ọwọ́. Ọkọ mi ló wá kàwé ní Chicago, mo tẹ̀ lé e wá, Ọlọ́run sì mú un lọ kó tó ṣetán. Àwọn ẹbí ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní n kò bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ànkàrá, òrí àti ọṣẹ dúdú fún àwọn adúláwọ̀ ibí, ní ọjà gbangba tí wọ́n máa ń ná lọ́jọ́ Sunday. Òtútù jẹ mí létí, olè jí mi lẹ́rù, mo wá le bí òkúta. Ẹni tó bá fi owó yẹ̀yẹ́ ná ọjà mi, màá ní kó lọ rà á lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. N kì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

Ẹni tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni bàbá Júù arúgbó kan tó ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù. Bàbá Bọ́tìnnì ni mò ń pè é. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló gbé aṣọ funfun wá, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn náà, aṣọ funfun lásán ni àwọn fi ń sin òkú, àwọn kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹnu yà mí. Èmi rò pé àwa Mùsùlùmí nìkan ni! Láti ìgbà náà ni a ti ń bú ara wa bí ọmọ ìyá. Bí mo bá pẹ́ dé ọjà, á pariwo pé, "Ẹ dìde o, Ọbabìnrin ti jí!" Èmi náà á ní, "Bàbá, ṣé ẹnì kan ti ra bọ́tìnnì lónìí, àbí ẹ kàn jókòó ẹ̀ ń kà wọ́n bíi tẹ̀sùbáà?" Á rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ á fi gbé e.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò sí ìgbà tí ènìyàn tan tẹlifíṣọ̀n tí kò ní rí àwọn ọmọ Palẹ́stínì tí wọ́n ń sọ òkò, tí sójà Ísírẹ́lì ń yìnbọn sí wọn. Sídí kì í lè jẹun mọ́ tó bá ti rí i. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ pa àgọ́ sórí koríko iwájú yunifásítì wọn, wọ́n fi pákó àti tapólì kọ́ ahéré bíi ti àwọn tí ogun lé kúrò nílé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ṣe ṣáájú wọn nítorí South Africa. Wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí iléèwé bá kó owó rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun ìjà fún Ísírẹ́lì. Sídí wá gba aṣọ funfun kan nínú ẹrù mi, èyí tó gùn jù, ó ní àwọn fẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ tó kú sí i, kí àwọn ta á síwájú àgọ́. Mo fún un. Aṣọ ni, mo ní púpọ̀.

Mo lọ wò wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kùrukùru ti gòkè láti orí omi wá, ó wọ àárín àwọn àgọ́ yẹn, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín, mo ń gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́, mo ń gbọ́ kẹ́tùlù tó ń hó, n kò rí ènìyàn. Kí ọkọ mi tó kú, ó máa ń rọ́ àlá kan fún mi, pé èmi àti òun wà ní Mínà níbi iṣẹ́ Hájì, láàárín àgọ́ funfun tí kò lópin, à ń wá ara wa, à ń gbọ́ ohùn ara wa, ọwọ́ wa kò sì kan ara wa. Àwa tí a kò rówó dé Mẹ́kà rí! Mo dúró lórí koríko yẹn, mo sì gbàgbé ọdún tí a wà. Mo fẹ́ẹ̀ pe orúkọ ọkọ mi. Sídí ló yọ jáde nínú funfun náà, ó wọ kóòtù bàbá ẹ̀, òun àti ọmọkùnrin Júù kan tó dé fìlà pẹlẹbẹ wọn sórí, tó gbé kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́.

Mo ní, "Sídíkátù, ṣé torí ìsọkúsọ yìí ni mo ṣe ń dúró nínú snow?"

Ó ní, "Mummy, ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

"N kò mu tíì. Kí ló kan ọmọ Ìsẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ Palẹ́stínì?"

"Àwọn ọmọdé ló ń kú, Mummy."

"Bàbá Bọ́tìnnì ńkọ́? Ṣé òun náà ló ń yìnbọn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ah-ah! Bàbá wa nìyẹn. Ta ló bá a jà? Ìjọba wọn là ń bá wí, kì í ṣe àwọn Júù. Ẹ wo ẹni tó gbé tíì fún yín."

Ọmọ ọ̀hún kí mi. Mo gba tíì. Kò dùn rárá.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹnì kan kọ nǹkan burúkú sára aṣọ yẹn, kọjá lórí orúkọ àwọn òkú. N kò ní tún un sọ lẹ́nu mi. Kì í ṣe sí ìjọba kankan, gbogbo Júù ló bú, ó ní ohun tí ojú wọn rí ní Yúróòpù nígbà ogun kò tó wọn. Tẹlifíṣọ̀n gbé e. Àwọn ọmọ Júù tó wà níléèwé náà ń bẹ̀rù láti gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó sì jẹ́ pé Sídí ló gbé aṣọ wá, tí gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n nàka sí. Ìgbà náà ni Ìyá Káfáyà pè mí.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní ọmọ yín ṣẹ àgbàlagbà, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ẹ kò ní kúnlẹ̀ ni? Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń dúró wádìí kó tó bẹ̀bẹ̀? Òbí á ti wà nílẹ̀, á ní èmi ni mo ṣẹ̀, ẹ fi jì mí, inú á rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mọ ẹni tó jẹ̀bi. Pé ènìyàn bẹ̀bẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó gbà pé òun ṣe nǹkan. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn, n kò mọ òmíràn.

Nígbà tí mo dé ọjà ní Sunday, Bàbá Bọ́tìnnì kò pè mí ní Ọbabìnrin. Ó ti sọ fún mi rí pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun bá ogun Yúróòpù yẹn lọ, ara wọn kò sì débi tí wọ́n á ti fi aṣọ funfun wé e. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú tábìlì ẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé? Owó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì wá. Ọ̀rọ̀ Sídí ni."

Ojú ẹ̀ yí padà. "Ṣé òun ló kọ ọ́?"

"Mo ní mo ń bẹ̀ yín ni."

"Mo gbọ́. Ṣé òun ló kọ ọ́?"

"Ọmọdé ni, Bàbá."

"Obìnrin yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọ́!"

N kò mọ̀. N kò tíì bá Sídí sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí, mo ń bẹ̀rù ohun tí ó máa sọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kó bọ́tìnnì ẹ̀ sínú páálí nígbà tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún, ó sì lọ sílé.

Mo rò pé mo ti bẹ̀ ẹ́ tì ni. Kàkà kí n lọ bá ọmọ mi, mo lọ bá ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì náà, òyìnbó obìnrin kan. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè mí. Mo wé gèlè, mo dì léèsì kan lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mo fi òyìnbó mi tó já sọ fún un pé kó ṣàánú ọmọ mi, ọmọ aláìníbàbá ni, kò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ! Obìnrin náà sáré yí tábìlì ká, ó fà mí dìde, kò gba léèsì, ó ní òun dúpẹ́ pé mo sọ òótọ́. Mo rò pé ó ti parí. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà, oòrùn ń tàn lórí omi bíi jígí tó fọ́, oorun gbé mi lọ, mo sùn bí ọmọ ọwọ́, mo kọjá ibùdókọ̀ mi.

Ọjọ́ kejì ni Sídí wọlé. Kò bọ́ kóòtù.

"Mummy, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo bá ọ bẹ̀ wọ́n ni."

"Wọ́n ní ìyá mi ti jẹ́wọ́. Wọ́n ti suspend mi!"

"Ta ló jẹ́wọ́? Mo ní mo bẹ̀bẹ̀!"

"Kí lẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi. Mummy, ẹ ò tiẹ̀ béèrè!"

Ó kó aṣọ ẹ̀ sínú báàgì, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Calumet City. N kò dá a dúró. Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń wò ó láti abẹ́ omi.

Sunday tó tẹ̀ lé e, Bàbá Bọ́tìnnì fa àga ẹ̀ sún mọ́ tèmi. Ó ní òun ti lọ síbi àgọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń dùn ún, ó béèrè Sídí, ó dúró níwájú ẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?" Sídí ní, "Rárá, sà." Sídí ní àwọn sùn, àwọn jí, àwọn bá a bẹ́ẹ̀, àwọn kò mọ ẹni tó ṣe é. Òun àti ọmọ Júù yẹn ló fi ọ̀dà pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníkámẹ́rà ti ya fọ́tò lọ. Bàbá ní òun rí ọ̀dà lábẹ́ èékánná ẹ̀.

Ó ní, "Ó wá fún mi ní tíì burúkú kan. A jà. Ohun tó sọ nípa Ísírẹ́lì kò dùn mọ́ mi, mo sọ tèmi fún un, kò gbà. Èmi náà kò gbà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun." Ó wò mí. "Mo rò pé o mọ̀ ni, ìyẹn lo ṣe kúnlẹ̀."

Èèmọ̀! Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn gún lọ́kàn béèrè. Èmi tí mo bí i, n kò béèrè. Bàbá àti ọmọkùnrin Júù náà ló jọ lọ jẹ́rìí ní yunifásítì, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà, wọ́n sì gba Sídí padà. Iléèwé gbà á. Ilé tèmi ni kò padà sí.

Mo lọ bá a ní Calumet City. Òun ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù, irun ẹ̀ ti gùn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, ẹ wo bí ayé mi ṣe dà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá apá mi mú, ó ní, "Mummy, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ bi mí."

Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ó rẹ́rìn-ín, omijé bọ́ sílẹ̀ lójú ẹ̀. "Èyí kọ́, Mummy."

Mo wá ìbéèrè kan nínú ara mi, n kò rí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi pẹ̀lú ọmọ yìí, mo ti ní kó lọ, mo ti ní kó bọ̀, mo ti ní kó jókòó, mo ti ní kó dákẹ́. Ó dúró dè mí. Nígbà tó yá, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì ń sùn nínú ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, n kò tijú láti bi yín: kí lẹ máa ń bi wọ́n?