Orúkọ Mi Wà Nínú Àpò Aṣọ Wọn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó mọ́ra mi látinú, ọ̀sán gangan sì ni. Bí mọ́tò bá dúró níta, àyà mi á já. Fóònù mi ń dún, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni, mi ò sì gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́ fún yín. Télọ̀ lásán ni mí, abẹ́rẹ́ nìkan ni ohun ìjà mi, síbẹ̀ wọ́n lè fẹ̀sùn kàn mí pé mo wà lára àwọn tó gbógun ti ìjọba!

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ṣakí la ti wá sí Ìbàdàn. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ló ra máṣíìnì àkọ́kọ́ fún mi. Kí ni mo fẹ́ kọ̀ fún un? Ó ní òun fẹ́ ogójì aṣọ aláwọ̀ ewé, kó lápò lọ́tùn-ún lósì bíi ti sójà, pé àwọn tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó yíjú padà, ó ní, "Àbúrò mi, má fi lébẹ́ẹ̀lì rẹ sí i o."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ṣé iṣẹ́ mi ń tì í lójú ni? Ọ̀gá mi máa ń sọ fún wa pé aṣọ tí kò ní orúkọ ẹni tó rán an, ọmọ tí kò ní bàbá ni. Agídí gbé mi wọ̀. Mo rán lébẹ́ẹ̀lì mi, tòun ti orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, sínú àpò àyà gbogbo wọn, níbi tí ojú ẹ̀gbọ́n mi kò ní tó. Inú mi dùn pé mo gbọ́n jù ú lọ. Àṣé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà!

Ọjọ́ tí mẹ́ta nínú àwọn tó fẹ́ lo aṣọ náà wá wọ̀ ọ́ wò ni ojú mi tó là. Ọ̀kan dúró níwájú dígí, ó ní, "Ọjọ́ tá a bá lé ìjọba yìí kúrò lórí àga, aṣọ yìí la ó wọ̀. Ìbọn ti délẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo wò ó. Ó ní, "Àwàdà ló ń ṣe, má dá a lóhùn." Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ṣé kò yẹ kí n pariwo? Ṣé kò yẹ kí n sọ fún ìyá wa, ó kéré tán? Mo tẹrí ba, mo ń gé òwú tó yọ létí aṣọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì ìjọba kan tìbọn-tìbọn, wọ́n ní ìjọba tuntun ti dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ti wà lẹ́yìn mọ́tò ọlọ́pàá. Mo rí wọn lórí fóònù, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tí mo rán, ó sì bá wọn mu régé. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Ó ti sá lọ.

Mo sáré lọ bá lọ́yà kan tó jẹ́ oníbàárà mi ní Ring Road. Lọ́yà náà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Màdáàmù, ẹni tó bá gbógun ti ìjọba ilẹ̀ rẹ̀, ikú ni òfin sọ. Ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò lọ sọ, ẹ̀wọ̀n gbére ni." Mo ní mo gbé, orúkọ mi wà nínú aṣọ wọn! Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, pé lébẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an lè gbà mí, torí ọ̀dàlẹ̀ kì í fi nọ́ńbà fóònù sínú aṣọ ogun. Kí n tètè lọ bá àwọn ọlọ́pàá fúnra mi. "Àmọ́ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, ta ló gbé iṣẹ́ náà wá?" Mi ò sọ fún lọ́yà náà pé mo ti gbọ́ nípa ìbọn. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Ìyá wa pè láti Ṣakí láàárọ̀ yìí, wọ́n ń bi mí bóyá mo gbúròó ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ó wà dáadáa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọlọ́pàá tó kan ilẹ̀kùn yìí. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀wọ̀n gbére. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo fa ọmọ ìyá mi lé ikú lọ́wọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán orúkọ mi mọ́ aṣọ wọn. Ṣé ẹnu ara mi náà ni kí n wá fi dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi?