Àpá Ọ̀bẹ Lára Ìdérí Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Ọ̀kadà kan tó padà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Challenge lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí. Oníbàárà mi ni Bùọ̀dá Mufu, ará Àpáta. Wọ́n gbé ọ̀kadà wọn wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan pé ọ́ìlì ń jò. Mo tú ìdérí ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìyẹn pépà tí a fi ń dí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé kí ọ́ìlì má baà jò, ti lẹ̀ mọ́ ọn bí èépá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé epo bẹntiróòlù ni kí á fi rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, kí á wá fi igi pẹlẹbẹ ha á, torí irin ibẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe ìrun. Ìwàǹwára mú mi, mo fi ọ̀bẹ ha á.

Ọ̀bẹ yọ̀, ó gé irin náà wọnú. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè sọ pé n kò rí i. Mo fi gọ́ọ̀mù dí i, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé e, mo sáré lọ kírun.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọ́ìlì jò tán lójú títì Ring Road. Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́, Bùọ̀dá Mufu ṣubú, ọkọ̀ sì gun ẹsẹ̀ wọn. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà.

Mo lọ kí wọn. Ìyàwó wọn bi mí lójú wọn pé kí ló fà á gan-an. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Wọn ò yẹ ọ́ìlì wò ni, Àǹtí." Obìnrin náà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àfọwọ́fà ni. Ó kó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò Bùọ̀dá Mufu gbé ọ̀kadà náà wá kí n tún un ṣe fún òun. Mo tú u. Àpá ọ̀bẹ mi ṣì wà níbẹ̀. Mo pààrọ̀ ìdérí náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi pààrọ̀ ẹsẹ̀?

Mo gba Àpáta lọ láti jẹ́wọ́. Kí n tó lanu, Bùọ̀dá Mufu di ọwọ́ mi mú. "Ráṣíìdì, gbogbo èèyàn ló ń tàn mí pé kádàrá ni. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi, pé èmi ni n kò yẹ ọ́ìlì wò. Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Mo ní, "Àmín." Mo dìde, mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹsẹ̀ ò ní hù, ìyàwó ò ní padà. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n gbà pé kò purọ́ fún wọn ló ṣẹ́kù fún wọn láyé. Ṣé kí n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wọn?