Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Níwájú Àwọn Ewúrẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mi ò mọ̀wé. Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ohun tí mo ń sọ yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tó ti ń lọ sí ọdún méjì. Mo rò pé irọ́ kékeré ni. Àṣé ó ti ń bímọ. Nítorí ọmọ ẹlòmíràn ni mo ṣe ń sọ ọ́ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Ìfọ̀ ni wọ́n bí mi sí, èédú ni mo tà níbẹ̀ títí mo fi dàgbà. Nígbà tí ọkọ mi kú, Bísí ọmọ mi, ìyá Tọ́pẹ́, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Mowe.

Láti kékeré ni mi ò ti lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Nínú ilé, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dìde níwájú èrò, ahọ́n mi á gbẹ, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Bísí, wọ́n ní kí ìyá ìyàwó wá súre. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Àbúrò ọkọ mi ló bá mi súre fọ́mọ mi. Títí dòní, àwọn àna wa ń pè mí ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ kọ́ o. Ẹ̀rù ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ibafo wá ní èmi ni kí n máa ṣe aṣáájú àwọn ìyá àgbà. Aṣáájú á máa dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, á kéde, á gbàdúrà sókè. Mo délé, mo ń sunkún. Bísí ní, "Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Bí èmi náà ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó nìyẹn. Ọkùnrin kan ló ràn mí lọ́wọ́, Arepo ló wà."

Dókítà la máa ń pè é. Tọ́pẹ́ ní hipinọ́sìsì ni òyìnbó ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo wo gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá náà bóyá màá rí àdó oògùn, mi ò rí nǹkan kan. Àga ló wà níbẹ̀, àti fáànù. Ó ní kí n tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri, kí n máa mí jẹ́jẹ́, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò sùn lọ pátápátá. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọn. Ó kàn dà bí ìgbà téèyàn jẹun ọ̀sán tán tójú ń wúwo ni.

Ó bi mí níbo ni mo ti máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́rù kì í bà mí. Mo ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi n'Ífọ̀ ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá ń kó èèpo iṣu fún ewúrẹ́. Mo máa ń bá wọn wí, mo máa ń pàṣẹ fún wọn bí ọba. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó bùṣe, Màmá. Tí ẹ bá dìde láwùjọ, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìka tó tẹ̀ lé e. Àwọn ewúrẹ́ bàbá yín lẹ máa rí."

Mo lọ, mo bọ̀, ó ń tún un sọ sí mi létí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́: ó ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo dìde, mo tẹ ìka mi. Ṣọ́ọ̀ṣì di ẹ̀yìnkùlé. Mo rí ewúrẹ́ tó wé gèlè, mo rí òbúkọ tó wọ kóòtù. Ohùn jáde lẹ́nu mi ketekete. Gbogbo orí yí padà. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ jókòó ní, "Ṣé ìwọ rèé, àbí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ?"

Pásítọ̀ gbé máìkì sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ sọ ohun tí Olúwa ṣe!"

Mo mọ̀ pé tí mo bá ní ọkùnrin kan ló fi ohùn mú mi sùn, kí ìsìn tó parí, wọ́n á ti ní oògùn ni mo lọ ṣe. Wọ́n á gba ipò lọ́wọ́ mi. Wọ́n á fa Bísí mọ́ ọn. Pásítọ̀ sì ti gbàdúrà sómi fún wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo tẹ ìka mi. Mo ní, "Omi àdúrà tí mo mu ni. Mi ò dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan."

Ẹnikẹ́ni ò bi mí nípa dókítà. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ohùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe fún mi, irọ́ ni mo fi ṣí i.

Ìyá Dárà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tó ń ṣerun ní Asese ni. Dárà lọmọ kan ṣoṣo tó ní, etí ọmọ náà ò gbọ́ dáadáa, kò sì tíì máa sọ̀rọ̀. Ọsibítù ti ń yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n ní nǹkan wà táwọn máa fi sí i létí, àwọn á sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n kó má pẹ́, torí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá gbọ́ ẹ̀rí mi. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Èmi ò mọ̀. Ewúrẹ́ ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ojú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé ọmọ náà wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi inú ike síwájú mi, ó ní kí n gbàdúrà sí i. Fóònù Tọ́pẹ́ dún kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dárà. Ọmọ náà ò wẹ̀yìn.

Mo ní, "Ìyá Dárà, ọsibítù ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti jẹ́rìí. Wọ́n ṣì ń pè mí, wọ́n ní kí n má jẹ́ kó pẹ́ jù. Mi ò dá wọn lóhùn."

"Padà lọ, ọmọ mi. Lọ́la gan-an ni kó o lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ ń dán ìgbàgbọ́ mi wò ni. Ṣé ọsibítù ló la ẹnu tiyín?"

Èsì wà lẹ́nu mi. Ọwọ́ mi ti tẹ ìka kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ewúrẹ́ kankan. Dárà ni mo rí, tó tẹjú mọ́ ètè mi, tó ń retí. Ohùn ò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàdúrà sómi náà. Ọmọ náà mu ún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá ìdérí ike náà padà fún mi.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bísí. Bísí ní, "Ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n sọ fún un, Màmá. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tú ara yín síta." Ọgbọ́n wo? Irọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú máìkì, ṣé ẹ̀yìnkùlé lòótọ́ á wá gbà? Ó tún ní kí n padà lọ bá dókítà, kó bá mi lé ẹ̀rù. Mo kọ̀. Tó o bá parọ́ fún ewúrẹ́, èèpo iṣu ló máa jẹ lọ. Èèyàn ló ń gbé ọ̀rọ̀ délé. Tí mo bá tún dìde, ojú èèyàn ni mo fẹ́ rí, kódà kẹ́sẹ̀ mi máa gbọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ lọ bá Ìyá Dárà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ju ìyá tó bí i lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n màá kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni mo máa kọ́kọ́ sọ, tí kò fi ní rò pé mo tún ń dán an wò? Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mi ò mọ ẹlòmíràn tó ti gbé ẹ̀rí mi lọ sílé.

Tọ́pẹ́ ní èsì yín á máa wọlé sórí fóònù òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí etí ọmọ yẹn ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá Dárà, tí wọ́n bá kà á fún ọ kí n tó dé: omi kọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo débẹ̀, mo jókòó lórí àga rẹ̀. Jọ̀ọ́, gbé ọmọ rẹ lọ.